Iyùn Nínú Pálọ̀ Wa ní Peckham

Iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ọba ń wọ̀ sọ́rùn sọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún, egungun ẹranko ni. Àwọn ẹranko tín-tìn-tín ni, wọn a máa gbé papọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, wọn a sì máa fi ohun tí wọ́n rí nínú omi kọ́ ilé pupa fún ara wọn nísàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà, níbi tí oòrùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Àwọn oníṣòwò Potogí wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa, ó ti lé ní 500 ọdún. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ohun tí wọ́n fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn yẹn ti fìgbà kan rí lẹ́nu tó fi ń jẹun, wọn ò gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó síwájú táǹkì gíláàsì tí mo ti ń tọ́jú iyùn alààyè ní pálọ̀ wa. Mo fa èérún edé dídì díẹ̀ sínú rọ́bà gígùn kan, mo sì tú u jẹ́jẹ́ sórí iyùn kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi wú, tí àwọn ọwọ́ kéékèèké jáde láti etí rẹ̀, tí wọ́n ká mọ́ edé náà, tí ẹnu là láàárín, tí oúnjẹ sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ó ń jẹun lóòótọ́ o. Ẹ tún fún un sí i.”

Irú tó wà nínú táǹkì wa yàtọ̀ sí ti ọrùn ìyàwó. Èyí kò lè gbé inú òkùnkùn. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewé omi kan ń gbé, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣúgà, ó ń fún iyùn nínú rẹ̀; iyùn náà ń fún un níbùgbé, ohun tí ara iyùn bá sì dà nù ni ajílẹ̀ tirẹ̀. Àjọṣe yìí ló kọ́ àwọn àpáta iyùn ńláńlá inú òkun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá omi tó mọ́ gaara, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò jìn púpọ̀. Ẹni tó bá ti dúró sétíkun wa rí, tó rí bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń dúdú nígbà òjò, yóò mọ ìdí tí irú àpáta bẹ́ẹ̀ kò fi sí níbẹ̀: Odò Ọya àti ọ̀sà ń da ẹrẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ sínú òkun. Àmọ́ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibi tí ó wà. Àpáta iyùn yí Kúbà ká. Ó wà ní Abrolhos ní gúúsù Bahia, irú iyùn kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi Brazil. Nílé, Odò Ògùn ni ti Yemọja. Lọ́hùn-ún, etí òkun ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa tí mo bá ń fọ gíláàsì.

Fífi òkun sínú ilé kì í ṣe nǹkan àná. London níbí ni wọ́n ti ṣí ilé ẹja àkọ́kọ́ tí ará ìlú lè wọ̀, nínú ọgbà ẹranko Regent's Park, lọ́dún 1853. Philip Henry Gosse ló kó púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ wá láti etíkun Devon. Nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1854, gbogbo ilé tó rí owó ná ló fẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ya lọ sétíkun Devon, wọ́n ń ṣa ohun gbogbo tó ń mí nínú kòtò àárín àpáta, títí ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fi ṣófo. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí, nítorí ìfẹ́ ẹ̀dá inú òkun ló gbé wọn débẹ̀, bí ó ṣe gbé èmi náà.

Iyùn alààyè kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá sí nígbà yẹn. Ó di ọdún 1961 kí Lee Chin Eng, ará Jakarta, tó kọ ọ́ síta pé òkúta tí òun gbé láti inú òkun, omi òkun gan-an, àti atẹ́gùn díẹ̀ tó ń hó nínú omi ti tó òun láti tọ́jú rẹ̀. Òkúta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bakitéríà tó kún inú ihò rẹ̀ ló ń jẹ ìdọ̀tí omi. Àwọn ará Berlin fi skimmer tó lágbára, ẹ̀rọ tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, kún un ní nǹkan bí ọdún 1970 síwájú, ọ̀nà tiwọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń tọ̀ títí dòní.

Tí àlejò bá wọlé, ọ̀rọ̀ ẹja ló máa ń bi mí léèrè. Omi ló yẹ kó béèrè. Ẹni tó bá mọ omi tọ́jú, ẹja àti iyùn á gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí owó tó lè ná tí wọn kò ní kú.

Omi ẹ̀rọ London le, nítorí inú òkúta ẹfun ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn nǹkan tí ènìyàn lè mu láìsí ewu sì wà nínú rẹ̀ tí iyùn kò lè fara dà. Ẹ̀rọ kan tí mo so mọ́ páìpù ilé ìdáná ló ń sẹ́ ẹ, títí òṣùwọ̀n tó ń ka ohun tó yòrò sínú omi yóò fi ka òdo. Lẹ́yìn náà ni mo máa da iyọ̀ sí i, gíráàmù 35 sí lítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é o. Kálísíọ̀mù wà nínú omi òkun, magnísíọ̀mù wà, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn wà níwọ̀nba tín-ín-rín, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ti pò mọ́ iyọ̀ tí a ń rà fún iyùn. Alẹ́ ni mo máa ń pò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá pẹ̀lú pọ́ńpù kékeré tó ń rò ó. Tó bá fi máa di òwúrọ̀, á ti mọ́ gaara, á ti lọ́wọ́ọ́wọ́ bákan náà pẹ̀lú ti inú táǹkì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi táǹkì ni mo ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ rántí pé lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì lítà 250, tí a bá ro gíláàsì àti òkúta mọ́ ọn, á ju kílò 300 lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní gúúsù London, pákó ni ilẹ̀ wọn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó lágbára, kó dábùú àwọn igi abẹ́ pákó náà, ẹ sì sọ fún onílé kó tó di pé omi wọlé.

Lẹ́yìn tí omi àti òkúta bá ti wà nínú táǹkì, ó ku dídúró. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù máa ń di amóníà, amóníà sì máa ń pa ẹja kíá. Irú bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà kò dára; òmíràn ló ń sọ ìyẹn di nitrate, tí ara ẹja àti iyùn lè gbà bí kò bá pọ̀ jù. Àwọn bakitéríà yìí kì í pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, kò sì sí ẹja kankan nínú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Amóníà díẹ̀ la máa ń kán sí i láti fi bọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan pupa rúsúrúsú kan á bo yanrìn, ewé omi á hù sára gíláàsì, á dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti wí. Mo lè sọ ọ́ láìbẹ̀rù pé ilé ìtajà yòówù tó bá ta táǹkì àti ẹja fún ènìyàn lọ́jọ́ kan náà kò ro ti ẹja yẹn.

Skimmer, pọ́ńpù àti iná, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Skimmer máa ń fi atẹ́gùn na omi títí ìdọ̀tí á fi rú sókè bí ìfófò ẹmu, tí á sì dà sínú ife kan tí a ń dà nù. Òórùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n inú ènìyàn á dùn pé ó ti kúrò nínú omi. Pọ́ńpù ni ìgbì òkun tiwa. Iná búlúù ló sì ń bọ́ ewé inú iyùn jù, nítorí bí omi òkun ṣe ń jìn ni àwọn àwọ̀ yòókù ń kú tí búlúù ń ṣẹ́kù.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni ohun tí wọ́n ń pè ní alkalinity, ìyẹn ìwọ̀n carbonate àti irú rẹ̀ tó wà nínú omi. Iyùn ń yọ kálísíọ̀mù àti carbonate láti inú omi láti fi kọ́ egungun, lójoojúmọ́, láìsinmi. Nínú òkun, èyí kò tó nǹkan kan, omi pọ̀. Nínú táǹkì tí iyùn ti gbilẹ̀, ó lè jẹ́ pé láàárín ọjọ́ kan péré ìwọ̀n náà á ti já wálẹ̀ débi tí òṣùwọ̀n á fi rí i. Nítorí náà, mo máa ń wọ̀n ọ́n. Mo máa ń fa omi táǹkì mìlílítà mẹ́rin sínú ìgò kékeré kan, mo máa ń kán ẹ̀kán méjì oògùn aláwọ̀ sí i, omi náà á di búlúù. Mo máa wá mú abẹ́rẹ́ tó ní oògùn kejì lọ́wọ́, mo máa ń kán an lẹ́yọ lẹ́yọ, mo ń mi ìgò náà, ojú mi kò ní kúrò lára rẹ̀. Búlúù á dúró, á dúró, á wá fẹ́ di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ. Ẹ̀kán kan sí i, pupa ti dé. Ibi tí oògùn dúró sí lára abẹ́rẹ́ ni ìdáhùn. Tèmi máa ń wà ní 8 tàbí kó lé díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n àwọn ará Jámánì tí gbogbo wa ń lò.

Àwọn kan á máa jà lórí bóyá 7.5 ló dára jù tàbí 9. Lójú tèmi, ìjà yẹn kò ṣe pàtàkì. Omi òkun gan-an kò ju bíi 7 lọ. Èyí tó ń pa iyùn ni kó jẹ́ 7 lónìí, 9 lọ́la, 7.5 lọ́túnla. Ẹ mú ìwọ̀n kan, kẹ́ ẹ dúró tì í. Pọ́ńpù kékeré kan ló ń kán àfikún náà sínú táǹkì tèmi díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Bákan náà ni ti iyọ̀: omi ń gbẹ lọ sínú atẹ́gùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń dí ohun tó bá gbẹ, ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ojú omi ló sì ń bá mi ṣe é, kí iyọ̀ má baà ga lálẹ́ kó tún já wálẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa títọ́jú iyùn, orí kí nǹkan má yí padà lójijì ló dá lé.

Ẹja kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Clownfish méjì wà, akọ ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bí wọn, èyí tó bá tóbi tó sì ń jọ̀gá láàárín wọn ni yóò di abo. Bí abo náà bá kú, akọ rẹ̀ ni yóò di abo dípò rẹ̀. Bí ìyá ilé bá ti sún mọ́ ọn, èyí tó kéré á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì níwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń júbà ara wọn nìyẹn. Banggai wà, ẹja dúdú àti fàdákà tó ti erékùṣù Banggai wá ní Indonéṣíà. Baba ló ń fi ẹnu gbé ẹyin, kì í sì í jẹun títí ọmọ á fi jáde. Edé kan náà wà tó ń nu ara ẹja. Tí mo bá ki ọwọ́ bọ omi, á wá dúró lórí ìka mi, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa abẹ́ èékánná. Ó máa ń bọ́ awọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì rí awọ òfìfo yẹn lórí yanrìn láàárọ̀, wọn á ní edé ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ti fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, ó ń dúró kí ara tuntun le.

Òru ni kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì pupa wo iyùn. Àwọn ohun tó jókòó jẹ́jẹ́ lójú ọ̀sán á na ọwọ́ jáde, àwọn kan lára ọwọ́ náà á gùn ju ara tó ni wọ́n lọ, wọn á máa wá aládùúgbò tí wọ́n lè ta lóró. Ìjà ilẹ̀ ni. Ẹ fi àyè tó pọ̀ sáàárín wọn látìbẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn irú iyùn tí wọ́n ń pè ní Euphyllia àti Galaxea.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọmọ wà nílé. Àwọn ìbátan iyùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Palythoa, wọ́n rẹwà, wọn kì í tètè kú, òwò wọn sì pọ̀. Oró tó burú jáì wà lára àwọn kan nínú wọn. Ẹ má ṣe se òkúta tí wọ́n wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe da omi gbígbóná lé e, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha wọ́n níta omi. Ìdílé kan ní Oxfordshire dèrò ilé ìwòsàn lọ́dún 2018 nítorí pé ẹnì kan nínú wọn ń fọ táǹkì nínú ilé, tí oró náà gba inú atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n.

Bùrọ̀dá kan ní Lẹ́kkí bi mí bóyá òun náà lè ṣe é. Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìṣòro tiwọn yàtọ̀ sí tèmi. Èmi ń wá bí omi ṣe máa gbóná tó ìwọ̀n 25. Àwọn á máa wá bí wọ́n ṣe máa mú un tutù, nítorí yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lè dé 30 kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀pọ̀ iyùn kò sì ní pẹ́ nínú rẹ̀. Iná tún wà ńbẹ̀. Tí pọ́ńpù bá dúró, atẹ́gùn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, ní wákàtí díẹ̀ ẹja á ti máa gba ẹnu mí lókè omi. Mo sọ fún wọn pé inverter ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kó tó kan gíláàsì, kí pọ́ńpù sì wà lórí rẹ̀. Ti iná táǹkì kò le tó bẹ́ẹ̀, iyùn lè wà lókùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìkú.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Hítà kéékèèké méjì ni mo fi sínú táǹkì dípò ńlá kan, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí kò kú mọ́, kò ní lágbára tó láti se ohun gbogbo. Nínú òkun, kò sẹ́ni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá fi ìwọ̀n kan péré ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé ewé inú rẹ̀ jáde, á funfun báláú, ebi á sì máa pa á títí omi á fi tutù tàbí títí á fi kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé èyí ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀ tí a mọ̀. Mo ti rí iyùn kan ṣoṣo tó funfun bẹ́ẹ̀ nínú táǹkì ọ̀rẹ́ mi. Ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé egungun hàn lábẹ́ ẹran, ó sì ṣì ń na ọwọ́ wá oúnjẹ.

Nítorí náà, ibi tí iyùn ti wá ṣe pàtàkì sí mi. Òfin àgbáyé CITES ń ṣọ́ títà iyùn olókùúta láti ìlú kan sí èkejì. Indonéṣíà dá títa tirẹ̀ sókè òkun dúró lọ́dún 2018, ó di 2020 kí wọ́n tó tún ṣí i. Èmi kì í ra èyí tí wọ́n gé nínú òkun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kì í ra ẹja tí wọ́n mú níbẹ̀. Clownfish àti Banggai tí wọ́n bí sínú táǹkì pọ̀ lọ́jà. Kódà ẹja yellow tang, tí gbogbo wa rò pé kò ṣeé bí lẹ́yìn òkun, wọ́n ti rí i bí ní Hawaii lọ́dún 2015. Ó wọ́n ju èyí tí àwọ̀n mú lọ. Ó yẹ kó wọ́n.

Ibì kan wà tí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gbé mi dé láti ilé, Horniman Museum ní Forest Hill. Jamie Craggs àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tí mo fi ń yangàn fún àdúgbò wa. Lọ́dún 1981, ní Magnetic Island ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ irú iyùn máa ń tú ẹyin àti àtọ̀ sínú omi pa pọ̀, ní òru díẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Títí di ìgbà tí àwọn ará Horniman dá a lé, kò sẹ́ni tó lè mú kó ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì lọ́jọ́ tó dá fún un. Wọ́n fi iná ṣe oòrùn, wọ́n fi iná ṣe òṣùpá, wọ́n mú kí omi máa gbóná kó máa tutù ní oṣù sí oṣù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ní òkun tí iyùn wọn ti wá. Lọ́dún 2013, ó tú ẹyin fún wọn. Nínú London, tó jẹ́ pé òtútù wà ní ìta. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti ń kọ́ àwọn ibòmíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí irú-ọmọ iyùn lè wà nípamọ́ fún ìgbà tí a bá fẹ́ dá a padà sókun.

Táǹkì pálọ̀ kò lè ṣe ìyẹn. Ohun tí àwa lè ṣe ni kí a máa pín in. Ẹ̀ka iyùn ṣeé gé. A ó fi ẹ̀mú tó mú gé e, a ó fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kékeré, a ó sì dá a padà sínú omi kíá. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹran ara rẹ̀ á ti ṣàn bo ojú ọgbẹ́, á máa gun òkúta tuntun náà. Púpọ̀ nínú tèmi, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti wá, àwọn kan ti gba inú táǹkì mẹ́ta mẹ́rin kọjá. Bí ti ẹnì kan bá kú, ti ẹnì kejì á wà.

Ẹ̀ka Euphyllia aláwọ̀ ewé kan àti Montipora méjì wà nílẹ̀ báyìí, wọ́n ti lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá wà ní gúúsù London, tí táǹkì rẹ̀ ti dúró, kó fi ìwọ̀n alkalinity rẹ̀ ti oṣù méjì sẹ́yìn ránṣẹ́ sí mi, ká lè mọ èyí tí omi rẹ̀ máa gbà. Mi ò gba owó. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí tèmi bá kú lọ́jọ́ kan, kí n lè wá gé níbẹ̀.